Ìdáhùn Tí Bàbá Ń Gbé Lọ Sẹ́nu Géètì

Ọ̀sán ni Bàbá, bàbá tó bí ìyá mi, kú, ní àsìkò tí wọ́n máa ń sun oorun ọ̀sán wọn. Ìyá Àgbà wọlé lọ jí wọn kí wọ́n wá kírun. Wọ́n pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, Bàbá ò dáhùn. Ìyá ò pariwo. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, wọ́n ń tún ìrọ̀rí Bàbá ṣe. Kí n tó ti ibi iṣẹ́ mi dé láti Ìlúpéjú, wọ́n ti wẹ òkú, wọ́n ti fi aṣọ funfun dì í, a sì sin wọ́n kí oòrùn tó wọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni tiwa rí: a kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀, àárò rẹ̀ ló máa ń pẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ojú wọn. Mo mọ̀ pé wọ́n ga, mo mọ̀ pé wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, mo mọ̀ pé pẹ́ńsùlù káfíńtà kan wà lẹ́yìn etí wọn títí kan ọjọ́ Iléyá. Àmọ́ bí mo bá dijú, ojú kọ́ ni mo ń rí. Òórùn gọ́ọ̀mù ni mo ń gbọ́, mo sì ń rí òwú tó ń fò.

Mi ò ní kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn síbí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọdún tí wọ́n bí wọn, kó lọ bi àwọn mọ̀lẹ́bí wa n'Ìjẹ̀bú. Ọdún mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò gbọ́, wọ́n á sì tún jà lé e lórí lójú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ lọ́kàn mi ni mo fẹ́ kó jọ, kó tó lọ pátápátá.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń hun kúbùsù n'Íkẹjà ni Bàbá ti ṣe káfíńtà. Àwọn ni wọ́n ń kan àpótí tí wọ́n ń kó kúbùsù sí. Fèrè ilé iṣẹ́ náà máa ń ké lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, bí afẹ́fẹ́ bá sì fẹ́ wá sọ́dọ̀ wa, a máa ń gbọ́ ọ dé ilé wa l'Ọ́gbà. Fèrè ọ̀sán ló ń gbé Bàbá lọ sórí ibùsùn bí wọ́n bá wà nílé. Wọn ò wo aago rí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé torí kí Bàbá lè sùn ni wọ́n ṣe ń fun fèrè yẹn, mo sì ń rò ó pé èèyàn pàtàkì ni bàbá mi àgbà.

Ilé iṣẹ́ náà ní ẹgbẹ́ họ́kì. Ẹni tí kò bá rí họ́kì rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí. Èèyàn mọ́kànlá sí mọ́kànlá ni, bíi ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, àmọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ìdí rẹ̀ tẹ̀ ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré tó le bí òkúta. Ojú kan igi náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ sì yọ róbótó. Ojú tó tẹ́ yẹn nìkan ni òfin gbà kéèyàn fi gbá a. Bàbá gbá a fún ilé iṣẹ́ wọn nígbà tí ara ṣì le, nígbà tó yá wọ́n di kóòṣì.

Lẹ́yìn náà ni Sáàpù dé, ètò ìjọba tó sọ owó di ọ̀wọ́n. Àwọn ṣọ́jà wà lórí rédíò tí wọ́n ń sọ pé kí aráàlú ní sùúrù. Bí ẹ̀rọ kan bá bàjẹ́ nílé iṣẹ́, wọn ò rí èlò rẹ̀ rà láti òkè òkun mọ́, wọ́n á fi tapólì bò ó, wọ́n á sì ní kí àwọn tó ń lò ó máa lọ sílé. Nígbà tó kan Bàbá, ọ̀gá wọn bi wọ́n léèrè ohun tí òun lè ṣe fún wọn. Bàbá ní kó fún àwọn ní igi họ́kì tó wà ní sítọ̀, kó sì jẹ́ kí àwọn máa lo pápá. Báyìí ni wọ́n ṣe wọlé lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ru igi lérí bí ẹni tó lọ ṣẹ́gi dáná. Ìyá Àgbà bú sẹ́kún.

“Ìyá Sìdí,” Bàbá wí, nítorí ìyá mi ni àkọ́bí wọn, Sìdíkátù ni orúkọ rẹ̀, “ilé ni wọ́n ní kí n máa lọ. Wọn ò ní kí n lọ sùn.”

Fèrè ọ̀sán ké bí wọ́n ṣe sọ ọ́ tán. Wọ́n lọ sùn.

Pápá náà wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́, lápá ibi tí èèyàn á gbà bọ́ sí Agége. Ihò ńlá kan wà lára ògiri tó ń tú èérún òwú jáde, ìrọ̀lẹ́ ló sì máa ń pọ̀ jù. Á máa fò lókè pápá jẹ́jẹ́, á máa bà lé irun wa, á máa bà lé eruku. Oòrùn á wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo nǹkan á funfun, àwọn ọmọkùnrin á máa sáré nínú rẹ̀, mi ò sì ní gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn, àfi ìró igi lára bọ́ọ̀lù. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà, ọ̀dọ̀ Bàbá àti Ìyá ni mo ń gbé. Mo gbà pé gbogbo pápá tó wà láyé ni òwú máa ń rọ̀ sí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí pápá mìíràn, mo bi Bàbá pé kí ló ṣe é tí kò fi ní òwú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, “Àṣàkẹ́, ibi tó dára ju tiwa lọ nìyẹn. Má sọ fún àwọn ọmọ wa.”

Ọmọ káfíńtà, ọmọ òṣìṣẹ́ tí wọ́n dá dúró, ọmọ tí kò ríbi lọ, gbogbo wọn ló wà lábẹ́ Bàbá. Kò sí igi tuntun, torí òkè òkun ló ti ń wá. Ẹ̀yìnkùlé wa ni Bàbá ti ń tún èyí tó bá dá ṣe. Èmi ni mo máa ń di ìdí igi mú. Wọ́n á fá ojú ibi tó dá, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi okùn wé e gírígírí, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri fún ọjọ́ méjì. Bó bá ti gan, wọ́n á so òwú pupa kan mọ́ ọrùn rẹ̀. Mo ní kí ni òwú pupa wà fún, ṣebí igi ti dára báyìí.

“Kí ẹni tó bá mú un lè mọ̀ pé ó ti dá rí,” ni wọ́n dá mi lóhùn. “Mi ò ní kó má fi gbá a. Kó ṣáà mọ̀.”

Bàbá ò mọ òwe pa. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, bí wọ́n tilẹ̀ ti lọ. Àwọn àgbà ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Ẹṣin ti Bàbá kì í délé. Wọ́n á fọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ sọ ohun ńlá, wọ́n á ní, “Àgbà kì í wà lọ́jà…” wọ́n á sì dúró, wọ́n á máa wo òkè àjà. Láti ibi ìdáná, láìgbójú sókè, Ìyá á ní, “Kí orí ọmọ tuntun wọ́.” Bàbá á ní, “Ẹ ò rí i bí?” bí ẹni pé àwọn ló parí ẹ̀. Àlejò á rò pé wọ́n ti jọ ṣètò rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Rárá o. Ogójì ọdún ni Bàbá fi ń dá òwe sílẹ̀, tí Ìyá ń bá wọn kó o.

Ìyá fúnra wọn kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń yí lọ́kàn padà. Tí inú bá ń bí wọn, ohùn Ìjẹ̀bú wọn á nípọn, Bàbá á sì fi ọgbọ́n jáde lọ wo igi lẹ́yìnkùlé. Yẹtí kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fi, ní etí òsì. Etí ọ̀tún ti ya láti ibi ihò rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ó jiná sí ọ̀nà méjì. Nígbà tí mo bá ń bá wọn di gèlè, ibẹ̀ ni ìka mi máa ń lọ láìmọ̀, wọ́n á sì gbá ọwọ́ mi kúrò.

Agége ló ti ṣẹlẹ̀, níbi tí ọ̀nà ti gba orí irin rélùwéè kọjá. Ìyá ń bọ̀ láti ọjà, rélùwéè ń kọjá, gbogbo èèyàn dúró dè é. Ọwọ́ kan ti ẹ̀yìn wá, ó já yẹtí wúrà tí ìyá tó bí wọn lọ́mọ fi sílẹ̀ fún wọn, ó fa etí náà ya pẹ̀lú rẹ̀, ẹni tó ni ọwọ́ sì wọ àárín èrò. Ìyá ò rí ojú rẹ̀ dáadáa. Ọwọ́ náà ni wọ́n rí nítòsí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn: ọwọ́ ọmọdé, tí àpá iná gbọọrọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọn ò mú ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni Ràṣídì dé pápá wa.

Mo rántí ọjọ́ tó dé. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, òwú kún orí rẹ̀, ó dà bí arúgbó kékeré. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, láti Agége. Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún Bàbá pé Wẹ́fíà ni òun ti ń bọ̀, ìyẹn ilé tí ìjọba ń kó àwọn ọmọ tó bá jalè sí, nítorí pé òun já báàgì gbà lọ́wọ́ obìnrin kan n'Íkẹjà. Ó ní wọ́dà kan níbẹ̀ ti gbá họ́kì rí, òun ló kọ́ òun. Bàbá ju igi olówùú pupa sí i. Ó gbá bọ́ọ̀lù náà lẹ́ẹ̀kan, kò sì lọ sókè, kò ta, ó ń yọ̀ lórí eruku bí ìgbà tí ẹja ń lọ nínú omi. Bàbá jókòó. Mi ò rí kí wọ́n jókòó sórí pápá rí.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ Ràṣídì ni wọ́n ń fi jẹun nílé wa. Àṣàyàn àwọn ọ̀dọ́ tí yóò gbá họ́kì fún ìpínlẹ̀ wa ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, gbogbo wa sì mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá mú níbẹ̀, ilé iṣẹ́ tó bá ní ẹgbẹ́ á gbà á síṣẹ́. Iṣẹ́, ní ayé Sáàpù! Àmọ́ kóòṣì gbọ́dọ̀ kọ ìwé ẹ̀rí ìwà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kó fọwọ́ sí i. Ọmọ méjì péré ni pápá wa lè fi ránṣẹ́. Mùsítáfà tó ń ṣọ́ gólì ni ẹnìkíní, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Ẹnìkejì di ọ̀rọ̀: Ràṣídì ni, tàbí Túndé, ọmọ ìyá tó ń ta bisikíìtì lójúlé kejì sí wa, tí kò pẹ́ dé pápá rí, tí kò mú ohun olóhun rí.

“Bàbá Sìdí,” Ìyá wí, nígbà tí wọn ò tíì rí Ràṣídì sójú rárá, “ọmọ tí kò jalè rí, ta ló ń bá a bẹ̀bẹ̀? Àbí kí Túndé náà lọ jalè díẹ̀ kí ẹ lè rí i?”

Bàbá dìde. Wọ́n lọ wo igi lẹ́yìnkùlé.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Ìyá gbé ẹ̀wà àti búrẹ́dì wá sí pápá fún àwọn ọmọ náà. Wọ́n tò síwájú wọn, Ràṣídì ló kẹ́yìn. Ó na ọwọ́ méjèèjì láti gba àwo, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Ìyá rí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo rí i pé wọ́n dúró díẹ̀. Wọ́n bu ẹ̀wà fún un, wọ́n fi búrẹ́dì lé e lórí, wọ́n fún un ní omi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó sórí iyanrìn, tí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí ọ̀tún wọn.

Bàbá sáré dé. Ìyá sọ̀rọ̀ sí wọn létí. Bàbá yíjú sí ọmọ náà.

“Ràṣídì, o mọ ìyàwó mi rí?”

Ràṣídì gbójú sókè. Ó wo gèlè, ó wo etí. Àwo ẹ̀wà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Níbi rélùwéè, sà,” ló wí. “Èmi ni, sà.” Ó gbé àwo náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá dìde, wọ́n lọ sílé. Oúnjẹ yẹn, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ tán.

Ibí ni Bàbá ti ṣe àṣìṣe wọn, àṣìṣe tó jẹ́ pé Yorùbá nìkan ló lè ṣe é. Wọ́n ṣìpẹ̀. Wọ́n kó àwọn àgbà jọ: ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin láti Ìjẹ̀bú, Alfa mọ́ṣáláṣí wa, àti bàbá onílé tó wà níwájú. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n wọ pálọ̀ wa. Wọ́n sọ̀rọ̀ dáadáa, wọ́n gbàdúrà, lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n Bàbá, àgbàlagbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ṣí fìlà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ba bí ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Kí ni ìyàwó ilé fẹ́ ṣe sí ìyẹn? Ìyá fò dìde, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Mo ti gbọ́, mo ti dárí jì í.” Gbogbo wọn ní, “Àmín.” Ó tán. Wọ́n mu omi, wọ́n lọ. Bàbá ń rẹ́rìn-ín. Inú tèmi náà dùn, nítorí mo fẹ́ràn Ràṣídì, mo sì fẹ́ kó lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni mo fẹ́ gbàgbé. Ìyá se oúnjẹ, wọ́n gbálẹ̀, wọ́n dá gbogbo ẹni tó kí wọn lóhùn. Wọn ò bínú. Ilé ṣáà dákẹ́ bí ìgbà tí wọ́n pa ẹ̀rọ. Èmi ọmọ yìí, mo ń bínú sí wọn. Mo ń rò ó pé kí ló tún kù, ṣebí wọ́n ti ní wọ́n dárí jì í. Mo ṣu ẹnu jọ, mo ń gbá ìkòkò mọ́lẹ̀. Títí dòní, ojú ń tì mí tí mo bá rántí.

Ní ọjọ́rú, àlejò kan wà lọ́dọ̀ Bàbá. Bàbá ń sọ̀rọ̀ Ràṣídì fún un, wọ́n wá fọwọ́ sókè. “Ṣé o rí i, bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ…”

Wọ́n dúró. Wọ́n wo àjà. Mo gbọ́ ṣíbí Ìyá nínú ìkòkò, ó ń yí, ó ń yí. Àlejò náà ló wá fi ìtìjú parí i, ó ní a ó fi òsì fà á mọ́ra. Bàbá ò gbọ́ ọ. Ẹnu ọ̀nà ìdáná ni wọ́n ń wò.

Nígbà tí àlejò lọ tán, Bàbá wọ ibi ìdáná. Èmi ń lọ ata. Wọ́n ní, “Ìyá Sìdí, kí ni mo ṣe?”

“Ẹ ò ṣe nǹkan kan,” Ìyá wí. “Ẹnu mi ni ẹ lọ kó àwọn àgbà wá gbà. Wọ́n ti gbà á. Kí lẹ tún fẹ́ kí n fi sọ̀rọ̀?”

Bàbá dúró síbẹ̀ títí oúnjẹ fi jinná.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tí kò mọ Bàbá mọ̀ nípa wọn nìyí. Ní ọjọ́ Ẹtì, tí àṣàyàn ku ọ̀la, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n tún kó àwọn àgbà yẹn wá, àwọn gan-an. Ẹ̀gbọ́n wọn ń kùn pé ọ̀nà Ìjẹ̀bú jìn. Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú wọn, wọ́n fọwọ́ sókè láti pa òwe, wọ́n sì sọ ọwọ́ náà kalẹ̀.

“Mi ò mọ òwe pa,” wọ́n ní. “Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí ẹ wá bá mi gba ìdáríjì lọ́wọ́ ìyàwó mi. Kò fún wa. A já a gbà ni, bí ọmọ yẹn ṣe já yẹtí gbà. Mo fẹ́ dá a padà.”

“Ta ló ń dá ìdáríjì padà?” ni ẹ̀gbọ́n wọn wí. “Níbo lo ti rí irú ẹ̀?”

“Èmi ń dá a padà,” Bàbá wí. Wọ́n yíjú sí Ìyá. “Ìyá Sìdí, lójú gbogbo wọn, o ò tíì dárí jì í. Bí o kò bá sì fẹ́ kó lọ lọ́la, Túndé ni n ó kọ sínú ìwé.”

Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún Ràṣídì. Ó ti jókòó lórí pápá láti àárọ̀, kò gbá nǹkan kan, ó ń ṣa òwú kúrò lára igi rẹ̀. Bí kò bá lọ lọ́la, ojú irin n'Ágége náà ló máa padà sí.

Ìyá yíjú sí Bàbá.

“Ṣé ó mọ̀ ọ́n gbá ju Túndé lọ? Ẹ má purọ́ fún mi.”

“Ó mọ̀ ọ́n gbá ju èmi fúnra mi lọ nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́.”

“Kó lọ nígbà náà,” Ìyá wí. “Mi ò tíì dárí jì í o. Bóyá n ó dárí jì í, bóyá mi ò ní dárí jì í, ọwọ́ mi ló wà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi mí. Ṣùgbọ́n ṣé ẹni tí wọn ò tíì dárí jì ò lè gbá họ́kì ni?”

Alfa yọ tẹ̀sùbáà jáde lápò.

“Kò gbọdọ̀ wọ ilé mi,” Ìyá tún wí. “Ẹnu géètì ni kó máa dúró sí, lóṣooṣù, lẹ́yìn sanitéṣọ̀n. Kí n mọ̀ pé ó wà, kí n sì mọ ohun tí ọwọ́ yẹn ń ṣe. Ìwé tí ẹ ẹ́ kọ, ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ má bò ó.”

Èmi ni Bàbá ní kí n jókòó kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é. Mo ṣì rántí gbogbo rẹ̀. “Ràṣídì ti dé Wẹ́fíà. Ó já yẹtí gbà lọ́wọ́ ìyàwó mi, ó sì fa etí rẹ̀ ya. Ìyàwó mi kò tíì dárí jì í, ṣùgbọ́n òun ló ní kí n fi í ránṣẹ́. Nínú gbogbo ọmọ tí mo kọ́, òun ló mọ̀ ọ́n gbá jù. Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé yìí, kí ẹ tó wo bó ṣe ń gbá a.” Mo ní, “Bàbá, wọn ò ní mú un bí wọ́n bá ka èyí.” Bàbá ní, “Òwú pupa ni, Àṣàkẹ́. So ó mọ́ ọn.”

Lọ́jọ́ kejì, àwọn tó ń ṣàyàn bi Bàbá lẹ́ẹ̀mejì bóyá àwàdà ni. Ẹnìkan nínú wọn ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò yẹ, pé àwọn ọmọ rere pọ̀ tó ń wá àyè. Bàbá ní òótọ́ ló sọ, pé ìyàwó àwọn náà ti sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí Ràṣídì gbá a. Ó gbá a. Wọ́n mú un.

Túndé ò lọ. Ó yẹ kí n kọ ìyẹn náà. Ó sunkún lẹ́yìn ilé wọn, Bàbá sì lọ jókòó tì í, wọn ò pa òwe kankan fún un.

Ràṣídì ò di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, kí ẹ má retí ìyẹn. Ó gbá a fún ọdún mélòó kan, ilé iṣẹ́ kan l'Ílúpéjú gbà á, orúnkún rẹ̀ bàjẹ́, iṣẹ́ ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ara Bàbá ò gbé e mọ́, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní pápá. Àmọ́ bí aago mẹ́wàá bá ti lù ní Sátidé sanitéṣọ̀n, ọjọ́ tí gbogbo ìlú ń gbálẹ̀ lóṣooṣù, tí wọ́n bá ti ní kí èèyàn máa rìn, a ó gbọ́ ọ pó, pó, lára géètì. Bàbá á dìde lórí àga wọn, wọ́n á lọ, wọ́n á padà wá.

“Ó ní ẹ kú iṣẹ́. Ó ní òun wà. Ó ní ọwọ́ òun mọ́.”

“Ẹ sọ fún un pé mo gbọ́,” Ìyá á ní.

Bàbá á tún lọ. “Ó ní òun gbọ́.” Wọ́n á padà wá jókòó, wọ́n á mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ti òkèèrè dé. Ọdún mẹ́sàn-án. Ní òpin rẹ̀, ọ̀pá ni Bàbá fi ń rìn, síbẹ̀ wọn ò jẹ́ kí n bá wọn jẹ́ iṣẹ́ náà. Mo ní kí n máa lọ dípò wọn. Wọ́n ní, “Iṣẹ́ tí mo bà jẹ́ nígbà kan nìyí. Jẹ́ kí n máa jẹ́ ẹ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀.”

Ràṣídì wà ní ibi ìsìnkú. Ó bá wọn gbé òkú Bàbá dé itẹ́ òkú, ó da iyẹ̀pẹ̀, ó sì padà lẹ́nu géètì wa. Lọ́jọ́ fídáù, ìta ló jókòó sí títí àdúrà fi parí.

Sátidé tó kọjá ni sanitéṣọ̀n. Èmi àti Ìyá gbá ojú gọ́tà, a wọlé, a jókòó. Àga Bàbá wà níbẹ̀. Fèrè ilé iṣẹ́ ò ké mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, àmọ́ mo ń tẹ́tí sí i. Aago mẹ́wàá lù. Pó, pó, lára géètì.

Mo dìde.

“Jókòó,” Ìyá wí.

Wọ́n tún gèlè wọn dì, wọ́n sì rìn lọ, díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi dé ẹnu géètì. Mo tẹ̀ lé wọn lókèèrè. Wọ́n ṣí i. Ràṣídì tí ojú rẹ̀ ti mọ́ ọ̀pá Bàbá rí ẹsẹ̀ Ìyá, ó sì dọ̀bálẹ̀ lójú títì.

“Mà,” ló wí nílẹ̀, “ẹ kú iṣẹ́. Mo wà. Ọwọ́ mi…”

Kò lè parí i. Ìyá dúró dè é díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń dúró de Bàbá.

“Ó mọ́,” ni wọ́n bá a parí i. “Ràṣídì, ẹni tó ń gbé ìdáhùn mi wá bá ọ ti lọ. Dìde, wọlé, kí o wá máa gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi.”